Pẹ́ńtì Pupa Lára Igi Fúrúùtù

Ẹnu mi ò dáa, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà mi ní Òkòkómáíkò, níbi tí mo ti ń ránṣọ, mọ̀ pé ẹni tó bá ń yọ mí lẹ́nu pé "Ìyá télọ̀, aṣọ mi ńkọ́?" á gbọ́ èyí tí kò fẹ́ẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ igi ilé màámi yìí, mo ti gbìyànjú láti fi ìbínú sọ ọ́, kò bọ́ sí i. Bí mo bá fi ariwo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹkún ni mo máa ń fi parí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́ lónìí.

Ìbà ni màámi ń gbé, nínú ilé pẹlẹbẹ tí bàbá mi fi òógùn ojú wọn kọ́ kí wọ́n tó jáde láyé. Ilé náà ò tóbi, àmọ́ iwájú ẹ̀ fẹ̀ dáadáa, igi fúrúùtù ńlá kan sì wà láàárín ẹ̀. Kò sí ẹni tó dàgbà ní Èkó tí kò mọ igi fúrúùtù: ewé gbàràgàdà tó máa ń pọ́n nígbà ọyẹ́, èso tí àwọn ọmọ máa ń jẹ ara ẹ̀ tán, tí wọ́n á tún fi òkúta fọ́ kóró ẹ̀. Abẹ́ ẹ̀ ni màámi ti ń ta èédú. Abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sùn lọ́sàn-án tí iná bá lọ. Tí mo bá wá kí wọn, mi ò kì í kan ilẹ̀kùn, abẹ́ igi ni mo máa ń lọ tààrà.

Èédú ló kó bá àyà màámi. Wọ́n ń wúkọ́ ṣáá, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin bá rò ó pé ó tó kí wọ́n sinmi. Àbúrò mi ló mú àbá wá pé ká kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí iwájú ilé, ká fi àyè sílẹ̀ níbi tí mọ́tò àwọn oníbàárà á máa páàkì, kí màámi máa jókòó sílé gba rẹ́ǹtì. Màámi ní ó dáa, Ọlọ́run á fún wa ṣe. Gbogbo ẹ̀ ń lọ geere, títí àbúrò mi fi nawọ́ sí igi.

"Eléyìí ló máa kúrò," ó ní. "Tó bá wà ńbẹ̀, mọ́tò ò ní ríbi yí."

"Ẹ ò ní gé e," màámi dáhùn.

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ ni tiẹ̀, bó ṣe máa ń bá wọn ṣe é láti kékeré. "Màámi, àbí wúrà lẹ rì mọ́ abẹ́ ẹ̀ ni?"

"Ó ju wúrà lọ," ni wọ́n wí. "Ọmọ ni."

Ẹ̀rín gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ọjọ́ yẹn ni màámi sọ ohun tí a ò gbọ́ rí fún wa. Wọ́n ní ọmọ kan wà láàárín èmi àti àbúrò mi, ọkùnrin. Mo ti ń rìn nígbà náà, àmọ́ kí ni mo mọ̀? Ó ku ọ̀la kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, ni ọmọ bá kú sí wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà sì mọ ilẹ̀ wa: òbí kì í mọ ibojì ọmọ. Àwọn obìnrin àdúgbò mú màámi wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì gbé ọmọ jáde. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ọmọ wà fún màámi, àwọn náà ò sì gbọ́dọ̀ béèrè. Iwájú ilé yẹn ṣì jẹ́ ìgbẹ́ nígbà náà.

"Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀," màámi ní, "bàbá yín gba ọmọ igi kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wọn tó jẹ́ sójà ní Kantóńmẹ́ntì. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ síbí, wọ́n gbìn ín. Wọ́n ní, 'Ìyá ọmọ, má da omi gbígbóná síbí o. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni walẹ̀ níbẹ̀.' Wọn ò wo ojú mi. Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò bi wọ́n. Àmọ́ mo mọ̀. Ọmọ yẹn ò ní orúkọ, kò ní fọ́tò. Igi yìí nìkan ni mo fi mọ̀ pé mo bí i."

Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ wọ́n. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní bó bá jẹ́ mọ́tò kan ṣoṣo ni iwájú ilé yẹn á gbà, igi ò ní kúrò. Èmi gba ẹ̀yìn ilé lọ, mo lọ sunkún. Mo ń ronú àwọn ọ̀sán tí mo fi jókòó síbẹ̀ tí mò ń fọ́ kóró fúrúùtù, tí mò ń ṣeré lórí ẹni tí mi ò mọ̀.

Nígbà tí a mú pláànù lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́, wọ́n rán obìnrin kan wá wo ilẹ̀. Ẹ̀rù bà wá. Lọ́dọ̀ tiwa, tí ìjọba bá wọlé ẹni, kì í ṣe pé ó wá kí wa. Obìnrin náà wọ bàtà róbà, ó mú tépù dání. Ó ní òfin ni pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù tó ní ibi páàkì gbọ́dọ̀ ní igi níbẹ̀, tí á máa ṣíji bo mọ́tò àti èèyàn. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ fi ìntálọ́ọ̀kì, bíríkì sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń tò sílẹ̀, bo gbogbo ilẹ̀ pátá, kí omi òjò lè ríbi wọlẹ̀, kó má di àgbàrá sílé aládùúgbò. Ó ní ká fi òkúta yí ìdí igi ká kí táyà má gun gbòǹgbò. Lẹ́yìn náà ló wá wo igi fúrúùtù wa láti ìdí dé òkè.

"Mà," ó sọ fún màámi, "igi yín yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án o. Igi tó ti wà nílẹ̀ sàn ju èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbìn. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò yí i ká."

Hà! Inú màámi dùn débi pé wọ́n jó. Wọ́n ṣàdúrà fún ọmọ ọlọ́mọ títí ojú fi ń tì í. Wọ́n ra mọ́ọ̀tì tútù fún un, wọ́n sìn ín dé géètì. Mo ní, "Màámi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti ilẹ̀kùn tí ẹ bá ti rí òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ̀yin lẹ ń fún wọn ní mọ́ọ̀tì?" Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi mọ́, pé mi ò mọ ohun tí Ọlọ́run ṣe.

Ká ní ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ ni. Àmọ́ ọkàn màámi ò balẹ̀. Bíríkìlà tó gba iṣẹ́ náà ní òun ti gbọ́, pé igi ò ní kúrò. Màámi ní ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó, pé lébìrà tó wá lónìí kọ́ ló ń wá lọ́la. "Fi àmì sí i lára, jọ̀ọ́," ni wọ́n wí, "kí ẹni tó bá wọlé lè mọ̀ pé igi yìí yàtọ̀." Bíríkìlà ní pẹ́ńtì tó fi ń sàmì sí èèkàn lórí ilẹ̀. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, ó fa àmì ńlá sára igi, níbi tó kọjú sí géètì. Pẹ́ńtì pupa ni. Ó ṣàn díẹ̀, màámi fi etí ìró wọn nù ún. Gbogbo wa ló dúró síbẹ̀, èmi, àbúrò mi, bíríkìlà, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó ronú.

Àwa tí a gbé ní Òkòkó, ó yẹ ká mọ̀! Nígbà tí wọ́n ń fẹ títì Àgbádárìgì, pupa ni wọ́n fi ń fa àmì sára ilé. Onílé tí wọ́n bá ti fà á sí ilé ẹ̀ lára kì í dúró gbọ́ àlàyé, á bẹ̀rẹ̀ sí í ká páànù, torí katakata ń bọ̀. Bí mo ṣe kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Títí di òní, tí àwọn ará ọ̀dọ̀ wa bá fẹ́ẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ kan ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, wọ́n á ní, "Wọ́n ti fi pupa sí i." Ẹnu mi gan-an ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà.

Igi àgbọn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì tó ti tẹ̀ sórí òrùlé aládùúgbò. Ìyẹn ni a fẹ́ gé. Bíríkìlà pe agégi kan láti Ọ̀tọ̀-Àwórì, ó sọ fún un lórí fóònù pé igi kan ló máa gé nínú ọgbà, pé géètì á wà ní ṣíṣí, òun fẹ́ lọ ra yanrìn, òun ń bọ̀. Màámi ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n ń lọ, torí ọjọ́ àdúrà àwọn obìnrin ni. Àbúrò mi wà níbi iṣẹ́ ní Néfì Táwùn. Èmi ń bọ̀ láti Òkòkó, mo gbé oúnjẹ màámi dání. Láti ìkóríta ni mo ti ń gbọ́ igbe ẹ̀rọ agégi. Inú mi tún dùn pé àgbọn yẹn ti ń kúrò nílẹ̀.

Nígbà tí mo dé géètì, àgbọn wà lórí ìdúró. Fúrúùtù ló wà nílẹ̀. Ẹ̀ka ẹ̀ gba gbogbo iwájú ilé, èso tútù fọ́n káàkiri. Agégi náà yọ fìlà, ó ń nu òógùn, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ fún mi lómi tútù." Mi ò mọ ìgbà tí mo ju oúnjẹ sílẹ̀. Mo fún un lọ́rùn aṣọ, mo ń pariwo bíi wèrè.

"Ta ló ní kó o gé igi yìí? Ta ló rán ẹ? O ti pa mí! O ti pa ìyá mi!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀, kí ni mo ṣe? Wọ́n ní igi kan. Méjì ni mo bá. Ọ̀kan ní pupa lára." Ó ń wo ojú mi bí ẹni tí kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀. "Ẹ dákun, èwo ni wọ́n ti fi pupa sí lára ládùúgbò yìí tí wọ́n dá sí?"

Ọwọ́ mi já kúrò lára aṣọ ẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n fún ní ẹ̀rọ yẹn, tí ẹnikẹ́ni ò sì bá mi sọ̀rọ̀, òun náà ni ǹ bá gé. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín ewé, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí àdúrà yẹn pẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí màámi má tíì dé.

Wọ́n dé. Aṣọ funfun ló wà lọ́rùn wọn, ẹsẹ̀ wọn lásán, bí àwọn ìjọ wọn ṣe máa ń rìn. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Wọ́n fọwọ́ ṣíji bojú, wọ́n ní, "Ilé wa ṣe wá mọ́lẹ̀ báyìí?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí mi nílẹ̀. Wọ́n gba àárín ẹ̀ka kọjá, aṣọ wọn ń kọ́ igi, títí wọ́n fi dé ìdí kùkùté. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e. Wọ́n wá yíjú sí agégi tó dúró síbẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni wọ́n wí fún un.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ sínú ewé, kò sì dìde. Màámi ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ pé, "Èmi ni mo ní kí wọ́n fi àmì sí i. Èmi náà ni." Mo ní ẹ̀bi wọn kọ́. Àbúrò mi dé, ó sọ bẹ́ẹ̀, bíríkìlà kúnlẹ̀, ó sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́ wa, wọ́n sì wọlé lọ.

Obìnrin ọ́fíìsì padà wá, ó káwọ́ lérí. Ó bá wa kẹ́dùn, àmọ́ òfin ò ka kùkùté sí igi, a ní láti gbin òmíràn. Bíríkìlà ní bí kùkùté bá jẹrà sílẹ̀, ikán á bò ó, ìntálọ́ọ̀kì á sì rì. Àbúrò mi lọ béèrè lọ́wọ́ màámi. Wọ́n ní, "Ẹ ṣe é bó ṣe yẹ. Igi ti lọ." Lọ́jọ́ tí wọ́n hú u, mo dúró sẹ́nu kòtò, mò ń sọ fún àwọn lébìrà pé, "Ẹ rọra o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra." Wọ́n rò pé orí mi ti dàrú. Yẹ̀pẹ̀ pupa ni, àti gbòǹgbò, kò sí nǹkan mìíràn. Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ tàbí kí n sunkún.

Màámi wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo wọlé. "Ṣé ẹ rí i?" wọ́n bi mí.

"A ò rí nǹkan kan, Màámi."

"Ọmọ mi kì í ṣe nǹkan," wọ́n ní, wọ́n sì kọjú sí ògiri. Mo jókòó ti ẹsẹ̀ wọn títí wọ́n fi sùn lọ.

Ṣọ́ọ̀bù ti parí báyìí, àwọn èèyàn ti gbà á. A gbin igi tuntun sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì àti ẹ̀yìn géètì, níbi tí obìnrin náà tọ́ka sí, òkúta yí wọn ká, wọ́n sì ń dàgbà dáadáa. Mi ò bá òfin jà, òfin dáa. Obìnrin náà wá wò ó, inú ẹ̀ dùn, ó ya fọ́tò. Ìntálọ́ọ̀kì bo ibi tó kù, gbogbo ẹ̀ rí bákan náà, ó mọ́ tónítóní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí màámi. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti bá wọn, wọ́n ń kan fèrèsé mọ́tò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ páàkì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," wọ́n ń bẹ awakọ̀ náà, "ẹ bá mi sún un síwájú díẹ̀. Ọmọ mi ń sùn níbẹ̀."

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó wò mí. Mo mi orí sí i pé kó dákun. Ó sún un, màámi sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. A ò tíì jókòó tí mọ́tò mìíràn fi wọlé, ó lọ páàkì lápá kejì lọ́hùn-ún, nítòsí géètì. Màámi tún dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ọmọ mi ń sùn níbẹ̀."

Mo sáré tẹ̀ lé wọn. Mo fẹ́ dì wọ́n lọ́wọ́ mú, kí n ní, "Màámi, ibẹ̀ kọ́ o," kí n sì tọ́ka síbẹ̀ fún wọn. Mo wo ilẹ̀ láti géètì dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù, mo tún wò ó padà. Èmi tí mo dúró sẹ́nu kòtò yẹn nígbà tí wọ́n ń hú u, mi ò mọ ibẹ̀ mọ́.