Háàdì Tí Mo Gbé Sétí

Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe ẹlẹ́yà, kó tètè kọjá lọ, mi ò bá a ṣeré. Ilé mi ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní Èjìgbò níbí, láàárọ̀, tí oòrùn ti yọ dáadáa. Kì í ṣe àlá. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ má gbà mí gbọ́, ojú mi ló rí i.

Ìkéde ni mo ń kà jẹun. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ohùn obìnrin nínú sípíkà orí ọ̀kadà láti Èjìgbò dé Masífá, tó ń sọ pé ìpàdé wà, pé ewúrẹ́ sọnù, pé sìmẹ́ńtì tuntun ti dé, èmi nìyẹn. Yàrá iwájú nílé wa ni mo ti ń gbà á sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Yàrá ẹ̀yìn ni ti ìyá mi. Ojú wọn ti fọ́ láti bí ọdún mẹ́ta, ohùn mi ni wọ́n fi ń dá mi mọ̀.

Háàdì inú kọ̀ǹpútà mi, ìyẹn ibi tó ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, ti darúgbó. Tó bá ń yí, á máa ké kẹ́-kẹ́-kẹ́, máìkì á sì gbé gbogbo rẹ̀. Oníbàárà kan tiẹ̀ bi mí bóyá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ata ni mo ti ń ka ìkéde òun. Inú bí mi. Mo ní mo máa wá háàdì tó dákẹ́ rọ́rọ́, kí ẹnu wọn lè wọhò.

Mo lọ bá Alájì kan lójú ọ̀nà Masífá, tó ti Abíjàn dé, tó ń ta kọ̀ǹpútà àlòkù. Wọ́n ní kí n ra SSD, pé kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, kò lè pariwo láéláé. Èyí tí owó mi ká kéré jù, kò lè gba ìdajì iṣẹ́ mi. Mo ní kí wọ́n kó èyí tó ń yí wá. Mo mọ iṣẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́: èyí tó ń yí ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé irínwó ìgbà ní ìṣẹ́jú kan máa ń dákẹ́ ju èyí tó ń yí ní ẹgbẹ̀rún méje ó lé igba lọ. Téèyàn bá sì tẹ́ rọ́bà sábẹ́ rẹ̀, ariwo rẹ̀ á tún dín kù.

Alájì ń so wọ́n mọ́ iná lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń gbé wọn sétí. Èkíní ń kùn. Èkejì ń ta kó-kó. Ìgbà náà ni mo rí ẹyọ kan lábẹ́ tábìlì, tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé.

"Non, non," Alájì ní. "Ìyẹn kì í ṣe títà."

Mo ti so ó mọ́ iná kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀. Ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, ó ń yí, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohunkóhun. Mo gbé e sétí. Ẹ gbọ́ o: ọ̀kadà ń kọjá lójú títì, ẹ̀rọ ata ń ké lódìkejì. Bí háàdì yẹn ṣe kan etí mi báyìí, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Mo gbé e kúrò, ariwo padà. Ẹlòmíràn á ti sá. Èmi rò pé ọjà gidi ni mo rí. Òmùgọ̀ ni mí.

Alájì sún mọ́ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín, ní Abíjàn. Òun náà ń ka ìkéde bíi tìẹ. Ó yadi kó tó kú."

Mo pòṣé. Mo rò pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ de olówó ni. Mo kówó lé tábìlì, mo gbé e lọ. Wọn ò pè mí padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi háàdì náà sínú kọ̀ǹpútà mi, mo ka ìkéde ìpàdé àwọn ìyá ní ìlú Ara. "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ káàárọ̀ o," bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo gbọ́ ọ padà. Ó mọ́ tónítóní, kẹ́-kẹ́-kẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Àmọ́ lẹ́yìn tí mo kí wọn tán, ọkùnrin kan mí nínú rẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Tún un sọ."

Èmi nìkan ló wà nínú yàrá. Mo rò pé ohùn ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló ṣẹ́ kù síbẹ̀. Mo pa á rẹ́, mo tún ìkéde náà kà. Ṣé ẹ rí i? Mo tún un sọ, bó ṣe ní kí n ṣe gẹ́lẹ́. Mo tún un sọ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, torí gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ padà, ọkùnrin náà wà níbẹ̀, ó sì ń sún mọ́ máìkì sí i. Nígbà kẹrin, ohùn mi ló fi sọ ọ́.

Fóònù mi dún. Oníbàárà ará Ara ni. Mo fẹ́ kí i, "ẹ káàárọ̀" kò jáde. Ọ̀fun kò dùn mí o. Mo ní, "Mò ń bọ̀," ó jáde ketekete. Mo tún gbìyànjú "ẹ káàárọ̀", afẹ́fẹ́ lásán. "Ìpàdé", kò jáde. "Ìyá", kò jáde. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kà sínú háàdì yẹn ti kúrò lẹ́nu mi.

Mo fa wáyà kọ̀ǹpútà yọ lára ògiri, mo sáré wọ yàrá ìyá mi. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n gbójú sókè.

"Ta nìyẹn?"

Mo la ẹnu. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, òun ni mo ń sọ fún wọn láràárọ̀ láti kékeré. Kò jáde. Mo di ọwọ́ wọn mú, wọ́n já a gbà.

"Ta nìyẹn? Sọ̀rọ̀!"

"Èmi ni," mo ní. Wúyẹ́wúyẹ́ ló jáde, bíi ti ọkùnrin yẹn.

Ohùn mi sì dáhùn láti yàrá iwájú, látinú kọ̀ǹpútà tí kò síná lára: "Ìyá, ẹ káàárọ̀ o."

Ara tu ìyá mi. Wọ́n kẹ̀yìn sí mi, wọ́n kọjú sí ọ̀nà ibẹ̀. "Ọmọ mi, yára wá," wọ́n ní. "Ẹnì kan wọ yàrá mi. Lé e jáde fún mi."

Mo fi òòlù fọ́ háàdì náà, mo da àfọ́kù rẹ̀ sínú ṣáláńgá. Alájì ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, àwọn ará àdúgbò ní wọ́n ti padà sí Abíjàn. Ohùn náà kò lọ. Ìyá mi kì í fọwọ́ kan oúnjẹ tí mo bá gbé fún wọn, àfi tí ohùn náà bá sọ pé kí wọ́n jẹ ẹ́. Lójoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tèmi ń dín kù. Lánàá, n kò lè pe orúkọ ara mi. Ìyẹn ni mo ṣe ń kọ ìtàn yìí sílẹ̀ kí ọwọ́ mi náà tó gbàgbé.

Láti ọjọ́ yẹn, n kò ka ìkéde kankan mọ́. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń sọ fún mi pé àwọn gbọ́ mi ní Masífá lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé mo kí àwọn dáadáa. Èmi kọ́. Bí ohùn mi bá kí yín, ẹ má dá a lóhùn. Bó bá ní kí ẹ tún ọ̀rọ̀ kan sọ, ẹ fọwọ́ bo ẹnu yín.