Ta Ló Gba Àdírẹ́sì Sáfà?

Mi ò mutí, mi ò sì tòògbé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i.

Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí Mápó ló pè mí, pé fáìlì aláìsàn kankan ò ṣí mọ́. Obìnrin kan wà ní yàrá ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Oògùn kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nígbà tó bí àkọ́bí, àmọ́ kò sẹ́ni tó rántí èwo ni. Inú fáìlì ló wà.

Ọkọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. "Ẹ́ńjíníà, ẹ jọ̀ọ́."

Ìjayà mú mi, mo mú irinṣẹ́ tí kò tọ́. Ẹ̀rọ tá a fi ń yẹ wáyà wò ni mo fà yọ. Mo yẹ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó já. Àkókò ti lọ.

Ìgbà yẹn ni mo tó tẹ àṣẹ tó ń fi àdírẹ́sì hàn. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí fáìlì wà lórí rẹ̀, àti kọ̀ǹpútà mìíràn kan ń jẹ àdírẹ́sì kan náà, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà méjì kì í jẹ ọ̀kan, wọ́n á máa dí ara wọn lọ́wọ́ ni.

Mo ka nọ́ńbà kọ̀ǹpútà kejì yẹn fún Mátírọ́nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì. Ó wò ó nínú ìwé wọn, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ti Bọ̀dá Ràímì nìyí, akọ̀wé wa. Ìdí kọ̀ǹpútà yẹn ló kú sí. A ti ju kọ̀ǹpútà náà nù."

Mo yọ wáyà sáfà. Mo fi píǹgì, àṣẹ tá a fi ń mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀, pe àdírẹ́sì náà. Nǹkan dáhùn.

Mo yọ gbogbo wáyà tó kù. Ó dáhùn. Ẹ gbà mí gbọ́, mo yọ ti kọ̀ǹpútà tèmi gan-an, wáífáì ò sì sí níbẹ̀. Ó ṣì ń dáhùn.

Mátírọ́nù kúnlẹ̀, ó rọra sọ pé: "Bọ̀dá Ràímì, ẹ dákun. Ẹ̀mí èèyàn ni."

Ìdáhùn náà dáwọ́ dúró.

Mo dá àwọn wáyà padà. Fáìlì ṣí. Mátírọ́nù pariwo orúkọ oògùn náà. Òun gan-an ló wà nínú abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ dókítà.

Ìyá yè. Ọmọ ò dúró dè wá.

Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ńṣe ni Bọ̀dá Ràímì ń dí wa lọ́wọ́ ni, àbí ó kàn ń wá ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ yẹ àdírẹ́sì wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan wáyà. Tí nǹkan bá sì dá yín lóhùn nígbà tí wáyà kankan ò sí níbẹ̀ mọ́, ẹ má bi í pé ta ni.