Ẹnu Mi Ni Màmá Fi Ń Tọ́ Pòtétò Wò

"Na ọwọ́ rẹ," ni Màmá wí. Mo na àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún. Ó fi ṣíbí igi kán ọbẹ̀ gbígbóná sí i, ó sì gbé ègé pòtétò kékeré kan lé e. Mo fẹ́ ẹ, mo lá a. Alùbọ́sà ló kọ́kọ́ dé ahọ́n mi, ata rodo tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni efinrin, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó máa ń mú kí n di ojú. Màmá tẹjú mọ́ ẹnu mi bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò.

"Iyọ̀ ńkọ́?"

"Ó ti tó, Màmá."

"Ata ńkọ́?"

"Òun náà ti tó."

"Alihamudulilaahi. Ẹnu rẹ ni ẹnu mi títí ládàánì á fi pe ìrun."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, mi ò tíì máa gba ààwẹ̀. Ìyá tó bí bàbá mi ni à ń pè ní Màmá, Ìsàlẹ̀ Èkó sì ni ilé wa wà. Bí oṣù Ràmàdáánì bá ti wọlé, èmi ni mo máa ń tọ́ oúnjẹ ìṣínu wò fún un. Àwọn obìnrin yòókù nínú agboolé máa ń fi ahọ́n kan ọbẹ̀, wọ́n á sì tu ú dànù. Wọ́n ní ẹ̀sìn kò kọ̀ ọ́. Màmá ò gbà. Ó ní òun mọ ara òun, pé bí ọbẹ̀ bá ti dé ahọ́n òun, ọ̀fun òun ò ní gba àṣẹ kó tó gbé e mì.

Kí ààwẹ̀ ọdún yẹn tó bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì kan ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru jù, pé kó fi ààwẹ̀ sílẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Mi ò rí i kí Màmá bẹ ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n ó bẹ nọ́ọ̀sì yẹn, ọmọ tó lè bí lọ́mọ. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà ní omidan, oyún, ọmọ ọmú àti nǹkan oṣù nìkan ló gba ààwẹ̀ lọ́wọ́ òun rí. Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. Ó ní ó dáa, kó máa lo oògùn rẹ̀ ní sààrì àti ní ìṣínu, kó dín iyọ̀ kù, kó jáwọ́ nínú mágí, kó má sì fi bọ́tà àti òróró jẹ pòtétò mọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún ru, ààwẹ̀ ti parí nìyẹn.

"Mo gbọ́, mo sì gbà," ni Màmá wí.

Pòtétò ló sì fẹ́ràn jù láti fi ṣínu. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń dín in ni, tàbí kó se é kó sì bu bọ́tà lé e gègèrè. Lọ́dún yẹn, ó ń bọ̀ ọ́ pẹ̀lú èèpo. Ó ń lọ atalẹ̀ àti aáyù lórí ọlọ, ó ń yan tòmátì lórí iná èédú títí awọ rẹ̀ á fi bó, ó ń já efinrin nínú agolo ńlá tó gbìn ín sí lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Pópó Àgùdà ló sọ fún un pé kó máa fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, pé ahọ́n ò ní mọ̀ pé iyọ̀ kéré.

Ahọ́n tèmi mọ̀. Ti ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ilé kejì náà mọ̀. Ó jẹ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó yínmú. "Oúnjẹ aláìsàn lẹ̀ ń jẹ nílé yín." Ó lọ sọ fún àwọn yòókù ní ilé kéú, ni wọ́n bá sọ mí ní Ọmọ Ọsibítù. Ojú tì mí débi pé mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wa jẹun mọ́.

Ó wá ku ọ̀la kí àwọn obìnrin àsàlátù, ẹgbẹ́ àdúrà Màmá, wá ṣínu nílé wa. Ìyá àgbà ọ̀rẹ́ mi wà nínú wọn, á sì mú òun náà dání. Mi ò sinmi. Nígbà tí ọjọ́ pé, tí Màmá gbé kẹ́tù lọ ṣe àlùwàlá, mo mú mágí mẹ́rin nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi, mo rún wọn sínú ìkòkò. Mo bu iyọ̀ lé e. Mo ha bọ́tà tó kù nínú agolo sí i, mo rò ó pọ̀, mo dé e.

Màmá padà dé, ó fa imú. "Ó ń ta sánsán lónìí o."

"Efinrin ni, Màmá."

"O ti tọ́ ọ wò?"

"Mo ti tọ́ ọ. Bó ṣe máa ń rí náà ni."

Ládàánì pe ìrun, Màmá fi dàbínù ṣínu, ó mu omi, a sì bu oúnjẹ fún àlejò. "Àlàájà, ti òní mà yàtọ̀ o! Ó sweet gan-an!" ni àwọn àlejò ń wí. Ọ̀rẹ́ mi ń lá ìka. Inú mi dùn dẹ́yìn, àfi ìgbà tí mo wo Màmá. Ó ti fi ègé kan sẹ́nu, ẹnu rẹ̀ sì dúró. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Obìnrin kan bi í léèrè pé, "Àlàájà, ṣé nọ́ọ̀sì ti ní kí ẹ padà sí iyọ̀ ni?"

Ó kàn lè sọ pé, ẹ bi ọmọ yìí, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. "Ọwọ́ mi ló ṣì í wọ̀n," ni Màmá wí, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun." Wọ́n ń wò ó, ó sì jẹ tirẹ̀ tán.

Kí wọ́n tó dìde fún ìrun àṣámù lálẹ́, ó di ògiri mú. Ó ní orí ń fọ́ òun, ojú òun ń ṣú. Bàbá mi gbé e sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi fọ ìkòkò náà. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n gbé e padà wálé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ru. Mo ti dàgbà báyìí, mo mọ̀ pé oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè máà jẹ́ òun nìkan ló fà á. Ó lè jẹ́ àárẹ̀, ó lè jẹ́ oògùn tó gbàgbé láti lò. Mo ti fi ìyẹn tu ara mi nínú títí, kò ràn mí lọ́wọ́ rí. Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Màmá sì ti gbà: kò gbọdọ̀ gba ààwẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo bá a ní ilé ìdáná tó ń mu omi. Ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà kí àwọn tó ń gba ààwẹ̀ má baà rí i. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rọra padà sẹ́yìn kó má mọ̀ pé mo wá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ó jókòó sídìí iná, ó bọ pòtétò, ó lọ atalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo dúró lókèèrè. Ó lè tọ́ oúnjẹ rẹ̀ wò fúnra rẹ̀ báyìí, kí ló tún fẹ́ fi ẹnu mi ṣe?

"Na ọwọ́ rẹ," ni ó wí.

Mo na án. Ó kán ọbẹ̀ sí i.

"Iyọ̀ ńkọ́?"

"Kò dùn, Màmá." Mo bú sẹ́kún.

Ó jẹ́ kí n sunkún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa. Kí la máa fi sí i tí kì í ṣe iyọ̀?"

Mo mú ọsàn wẹ́wẹ́ fún un, ó fún un sí i. Ó tún kán an sí mi lọ́wọ́. A fi tòmátì yíyan kún un, a fi irú díẹ̀, a tún fi efinrin, títí mo fi sọ pé ó dùn, tó sì jẹ́ òótọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ní gbogbo ọjọ́ tó kù nínú oṣù náà. Ṣùgbọ́n kò sọ fún mi mọ́ pé ẹnu mi ni ẹnu òun. Ó gbé ọdún mẹ́rìnlá sí i láyé, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́, èmi náà ò sì jẹ́wọ́.

Bí mo ṣe ń se pòtétò lónìí nìyẹn: kò sí mágí, kò sí bọ́tà. Bí mo bá ń gba ààwẹ̀, ọmọbìnrin mi ló ń tọ́ ọ wò fún mi. Á na àtẹ́lẹwọ́, á lá a, á ní, "Ó ti tó, Mọ́mì." Mo máa ń gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ Màmá, ẹnu rẹ ni ẹnu mi, á sì dé ẹnu mi, ṣùgbọ́n ojú á tì mí, màá sì yí sí ìkòkò, màá dé e.