Kóòtù Ní Kí Ẹ̀rọ Dúró

Mo rántí ìgbà tí òórùn àdín máa ń jí wa nílé wa ní ìlú Oǹdó kí àkùkọ tó kọ. Ẹ̀yìnkùlé wa ni ilé iṣẹ́ èkùrọ́ ìyá mi wà, lórí ilẹ̀ tí bàbá tó bí i fún un. Ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń fọ́ èkùrọ́, ariwo rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí àlejò sùn nílé wa. Èkejì ń fún àdín, ó sì ń kùn ní tirẹ̀ bí àgbàlagbà tó jẹun yó. Àwa ọmọ ilé kì í tilẹ̀ gbọ́ ọ mọ́. Ìgbà tó bá dákẹ́ gan-an la máa ń gbójú sókè, tí ìyá mi á sì figbe ta láti ilé ìdáná pé, "Kí ló dé? Ta ló pa á?" Ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì ló já, tàbí pé epo dísù ló tán. Kò ní pẹ́ tí ariwo náà á fi bẹ̀rẹ̀ padà, tí oníkálukú á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìyá mi nìkan kọ́ ló ni ilé iṣẹ́ náà. Ọkùnrin ará Àkúrẹ́ kan, ọmọ Ìsinkàn, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnjiníà, ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀. Ìyá mi ló ní ilẹ̀, òun ló sì mọ àwọn obìnrin tó ń kó èkùrọ́ wá láti oko. Ẹnjiníà ló ra ẹ̀rọ, òun náà ló sì ń tún un ṣe. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, wọ́n sì sọ̀yà náà dáadáa fún ọdún púpọ̀. Wọ́n kọ ìwé àdéhùn pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ mú ẹlòmíràn wọ inú òwò náà láìfi lọ ẹnìkejì. Bí Ẹnjiníà bá ti Àkúrẹ́ dé, kò ní wo ẹ̀rọ kó tó wo ìkòkò. Á ní, "Ìyá elékùrọ́, iyán yín yìí máa lé mi kúrò ní ulé mi lọ́jọ́ kan o." Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Àkúrẹ́ ń pe ilé, a sì máa ń fi í rẹ́rìn-ín.

Kí ni ọkùnrin yìí wá ṣe? Ó lọ ta lára ìpín tirẹ̀ fún kọ́ńpìnnì kan tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọkọ̀ ẹlẹ́rù wá pé àwọn fẹ́ kó ẹ̀rọ tó ń fún àdín lọ síbi tí àwọn ti ní iná dáadáa ni ìyá mi tó mọ̀. Ó gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lé e, ó ní kí wọ́n gba orí òun kọjá. Ẹnjiníà ní ìpín òun lòun tà, òun ò ta ti ẹlòmíràn. Ìyá mi ní tí ẹnì kan bá ta orí ẹran pé ìpín tirẹ̀ ni, ìrù náà ò ní dúró lọ́wọ́ ẹnìkejì. Àwọn àgbà àdúgbò bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ẹnjiníà pe ìyá mi lẹ́jọ́ sí Àkúrẹ́, kọ́ńpìnnì sì tì í lẹ́yìn.

Mo wà ní yunifásítì ní Àkúrẹ́ nígbà náà, mo sì bá ìyá mi lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo wọ aṣọ dúdú bí ẹni pé èmi gan-an ni lọ́yà. Lọ́yà wa kò wá, ó ní ẹjọ́ míràn níbòmíràn. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló rán wá, ìyẹn ò sì gbójú sókè kúrò lára fóònù rẹ̀. Adájọ́ gbọ́ díẹ̀, ó sọ gẹ̀ẹ́sì tó gùn, ó wá fi èdè Látìnnì dí i lẹ́yìn. Ògbufọ̀ kóòtù, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn bí ti oníwàásù, yíjú sí wa, ó ní, "Kóòtù pàṣẹ pé kí ohun gbogbo dúró bí ó ṣe wà títí ẹjọ́ yóò fi parí." Ìyá mi tẹ orí ba. Ẹnjiníà náà tẹ orí ba lódì kejì. Èmi akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì rọra mi orí pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n nìyẹn.

Bí a ṣe délé lọ́jọ́ yẹn ni ìyá mi wọlé lọ pa ẹ̀rọ, ó sì fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kejì Ẹnjiníà dé pẹ̀lú àgádágodo tirẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ ti ìyá mi, kò kí ẹnikẹ́ni, ó sì lọ. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì fẹnu kò lé lórí láti ìgbà náà nìyẹn: kóòtù ní kí ẹ̀rọ dúró.

Ẹjọ́ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ìgbín. Lónìí, adájọ́ lọ sí ìpàdé. Lọ́jọ́ míràn, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù dá iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí adájọ́ àti òṣìṣẹ́ bá jọ wà, lọ́yà kọ́ńpìnnì á kọ̀wé pé ara òun kò yá. Bí gbogbo wọn bá pé, iná á lọ, jẹnẹrétọ̀ kóòtù ò ní gbà kó tàn, àwọn lọ́yà á sì máa fi ìwé fẹ́ra nínú ooru títí wọn á fi sún ẹjọ́ síwájú. A ti gbọ́ ẹlẹ́rìí tán ni wọ́n gbé adájọ́ náà lọ síbòmíràn. Mo rò pé ẹni tó bá gba ipò rẹ̀ á ka ohun tí ó ti kọ sílẹ̀, á sì máa bá a lọ láti ibẹ̀. Rárá o! Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni. Ìyá mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn bí òun àti Ẹnjiníà ṣe pàdé, bí ẹni tó ń pàlọ́ fún ọmọdé. Nígbà tí wọ́n gbé adájọ́ kejì náà lọ, inú bí mi débi pé mo kígbe mọ́ ọlọ́kadà tí kò ṣẹ̀ mí. Ìyá mi ní kí n rọra, pé bó pẹ́ bó yá akólòlò á pe baba. Mo ní, "Màámi, ẹ̀rọ ńkọ́? Ṣé òun náà á dúró de akólòlò?"

Nítorí ẹ̀rọ náà ló ń dùn mí jù. Àwọn obìnrin tó ń kó èkùrọ́ wá kọ́kọ́ ń yà wò wá, wọ́n á ní, "Ìyá, ṣé kò tíì parí?" Nígbà tó yá wọn ò yà mọ́. Àwọn kan ń gbé èkùrọ́ wọn lọ sọ́nà ibòmíràn, àwọn kan sì ti gbájú mọ́ gaàrí. Ìyá mi á gba inú ihò ilẹ̀kùn wo ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo aláìsàn tí wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn. Mo sọ fún un pé kó jẹ́ kí a ṣílẹ̀kùn ká fi epo pa á lára, ó kọ̀ jálẹ̀. "Kí wọ́n wá ní mo tẹ òfin lójú? Kóòtù ní kó dúró."

Mo ti jáde ilé ìwé, mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Àkúrẹ́, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé àwọn fẹ́ dá kóòtù ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ẹjọ́ òwò. Wọ́n pe ará ìlú sí ìpàdé ní Alágbàká, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba wà ní Àkúrẹ́, kí wọ́n wá sọ èrò wọn. Inú mi dùn dé góńgó. Mo ní ìgbàlà dé, mo lọ mú ìyá mi wá láti Oǹdó. Aṣọ ńlá kan ni wọ́n ta sí iwájú gbọ̀ngàn, wọ́n kọ ọ́ sí i lára láìfi àmì kankan sí i: KOOTU FUN EJO OWO TO DIJU. Ìyá mi, tí Bíbélì nìkan ló ń kà, kọjú sí i, ó kà á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó wá yíjú sí mi. "Kóòtù tó dijú kẹ̀? Èyí tó lajú la ṣì ń bá fà á yìí." Mo ní, "Màámi, tó díjú ni, ẹjọ́ tó lọ́jú pọ̀." Ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n. Ó sàn díẹ̀."

Àwọn ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀ títí. Nígbà tí wọ́n ní kí ará ìlú sọ tiwọn, ìyá mi dìde. "Mo kí yín o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ò mọ ohun tó díjú nínú ọ̀rọ̀ èkùrọ́. Ẹ jọ̀ọ́, adájọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀. Tí ẹ bá lè ṣe ìyẹn, ẹ pe orúkọ tó bá wù yín." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo rò pé ìyà tán.

Wọ́n dá kóòtù náà sílẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì gbé ẹjọ́ wa lọ síbẹ̀. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó tún ń fi gbogbo ọmọ bí obìnrin: lọ́yà kọ́ńpìnnì dìde, ó ní ẹjọ́ yìí ò díjú tó. Ó ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, kí wọ́n dá a padà síbi tó ti wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí bóyá ẹjọ́ wa díjú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹjọ́ tí ó ti gba ọwọ́ adájọ́ méjì kọjá! Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń fi eyín họ èékánná mi.

Adájọ́ tuntun yìí, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, ló gbà wá. Ó jẹ́ kí wọ́n jiyàn tán, ó ní ẹjọ́ òwò ni, òun á sì gbọ́ ọ. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó sì fi Yorùbá bi ìyá mi léèrè fúnra rẹ̀. "Ìyá, báwo ni àdín ṣe ń jáde sí báyìí?"

Ìyá mi ní, "Olúwa mi, kò sí àdín kankan. Kóòtù ní kí ẹ̀rọ dúró."

"Kóòtù wo?"

"Ti àkọ́kọ́, Olúwa mi."

Adájọ́ ṣí ìwé àtijọ́, ó kà á, ó tún un kà. "Ohun tí kóòtù sọ ni pé kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má gbé e kúrò níbẹ̀. Ta ló ní kí ẹ tì í pa?"

Ẹnjiníà, tó ti darúgbó, fò dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè é. "Ẹ forí jì mí, Olúwa mi. Dúró lèmi náà gbọ́ o! Ulé ẹjọ́ ló sọ ọ́. Ìyá elékùrọ́, àbí dúró kọ́?"

"Dúró ni," ni ìyá mi dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ bá ara wọn sọ nìyẹn láti ọjọ́ àgádágodo.

Adájọ́ ní, "Dúró bí ó ṣe wà. Báwo ló ṣe wà lọ́jọ́ yẹn?"

Gbogbo wa la mọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ni. Lọ́yà wa ní òun rò pé ìyá mi ló tì í fúnra rẹ̀ nítorí ìbínú. Lọ́yà kọ́ńpìnnì ní òun rò pé dísù ni kò sí. Mo wá ẹni tí màá bínú sí títí, mi ò rí i. Ògbufọ̀ ò parọ́. Bí ọmọ bá ń sáré lọ sójú títì, dúró la máa ń sọ fún un. Bí àlejò bá fẹ́ máa lọ, tí a ò fẹ́ kó lọ, dúró náà la ó sọ. Láti inú Látìnnì dé inú gẹ̀ẹ́sì, dé ẹnu ògbufọ̀, dé etí àwọn méjì tó ń bínú síra wọn, ọ̀rọ̀ kékeré kan ló pa ilé iṣẹ́ wa rẹ́.

Mi ò lè purọ́ mọ́ kóòtù tuntun náà: kò fi ẹjọ́ wa falẹ̀. Adájọ́ ní kí Ẹnjiníà dá ohun tó gbà lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì padà, kí ilé iṣẹ́ jẹ́ ti òun àti ìyá mi bíi ti àtẹ̀yìnwá. A gba ìdájọ́ náà, gbogbo wa sì wọ ọkọ̀ kan náà lọ sí Oǹdó. Wọ́n ṣí àgádágodo méjèèjì. Ti Ẹnjiníà ti dípẹtà, òòlù la fi já a. Ó da epo sí ẹ̀rọ, ó fi òòlù kàn án níbí, ó kàn án lọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ ò mira. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ìyá elékùrọ́," ó ní, "ó ti dúró."

Ìyá mi wò ó. "Dúró wo?"

Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń yin kóòtù òwò náà lójú mi báyìí, pé ó ń yára, mo máa ń sọ pé òótọ́ ni. Ẹnjiníà ṣì máa ń wá jẹ iyán ní Oǹdó, àwọn àgbà àdúgbò sì ń fi í ṣe àpẹẹrẹ pé àwọn yìí ti kóòtù bọ̀, wọ́n sì ṣọ̀rẹ́. Àlejò ń sùn dáadáa nílé wa. Ṣùgbọ́n tí mo bá lọ kí ìyá mi, tí a jókòó ní ilé ìdáná, ó máa ń gbé orí sókè lójijì, kó kọ etí sí ẹ̀yìnkùlé, kó sì bi mí pé, "Ta ló pa á?" Mi ò tíì rí ẹnì kan tí màá dárúkọ fún un.