Ọdún Tí Bàámi Sá fún Àáró

Òórùn òjò àkọ́rọ̀ lórí eérú ni mo kọ́kọ́ ń rántí. Kùtùkùtù ni, ìkùukùu ṣì bo ọ̀nà oko, èmi àti Bàámi sì yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé jáde bí ẹni tó fẹ́ lọ jalè nínú oko ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Ìlá kò ní gbàgbé ọyẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 yẹn, tí iná ń jó igbó kiri. Iná ọ̀hún jó abà tí Bàámi kó iṣu sí, àtèyí tí à bá jẹ, àtẹ̀bù tí à bá gbìn. Ẹ̀bù díẹ̀ tí Màámi tọrọ lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Òkè-Ìlá ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ tí mo rù. Bí a kò bá rí ebè kọ kí òjò yẹn tó lọ, ebi ni lọ́dún tó ń bọ̀.

Àáró sì ti kàn wá. Bàámi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ló ń ṣe é: lónìí wọ́n á kọ ebè lóko ẹnì kan, lọ́jọ́ mìíràn ó di ti ẹlòmíràn, olóko á sì fi iyán bọ́ wọn. "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tinú oko mi lọ pẹ̀lú ebi," ọ̀rọ̀ ẹnu Bàámi nìyẹn. Gààrí nìkan ló sì kù nílé. Ló bá ránṣẹ́ sí wọn pé ẹ̀yìn ń dun òun, kí wọ́n fo òun.

Bí àlá ló rí lójú mi: ilẹ̀ dúdú, ìkùukùu funfun, Bàámi nìkan tó ń bẹ̀rẹ̀ tó ń dìde, eérú tó rọ̀ bí àtíkè lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ń gbàdúrà kẹ́nikẹ́ni má rí wa.

Àfi bí ẹ̀rín ṣe bú jáde lẹ́yìn wa. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ni. Wọ́n ti lọ kí aláìsàn nílé, wọ́n bá Màámi, Màámi kò sì mọ irọ́ pa. Bàbá Ràfíù, olórí àáró, ṣì gbé ìgò àgbo dání.

"Aláìsàn, o kú iṣẹ́ o! Ẹ̀yìn yìí mà mọ ebè kọ! Jọ̀ọ́, wá ṣàìsàn lóko tèmi náà."

Bàámi kò rẹ́rìn-ín. "Kò sí iyán nílé. Kí ni kí n fi bọ́ yín?"

"Ta ló bi ọ́ léèrè iyán? Ṣé ikùn wa lo rò pé a fi ń bá ọ rìn? Mu àgbo rẹ, kó o sún síbẹ̀ yẹn!"

Ó mu ún lóòótọ́. Ó korò dé ojú rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn mú, àwọn ìyàwó wọn dé, oníkálukú pẹ̀lú ẹ̀bù láti inú abà tirẹ̀. Kí a tó túká, Bàbá Ràfíù ní, "Láti ọdún yìí lọ, bí a bá ti wa iṣu tán, ká jọ yọ ẹ̀bù sọ́tọ̀ sí abà kan létí odò. Ẹni tíná bá jó tirẹ̀ á lọ kó níbẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. A jẹ iṣu lọ́dún kejì.

Ìgboro ńlá ni mò ń gbé báyìí. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sọ fáwọn aládùúgbò pé ìsinmi ni mo gbà. Wọ́n gbà mí gbọ́. Ọmọ tí mo jẹ́ lóko lọ́jọ́ náà ń bẹ̀rù kẹ́nikẹ́ni má ká èmi àti Bàámi mọ́. Àgbàlagbà yìí jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ẹni tí yóò ká òun mọ́.