Ìkéde Tí Sabina Fi Wá Àbúrò Rẹ̀

Dọ́là kan ni wọ́n ń gbà lórí ìkéde ìlà mẹ́rin nínú ìwé ìròyìn tí àwa ará Ireland ń kà ní Boston. Tó bá di ìlà márùn-ún, sẹ́ńtì márùndínlọ́gbọ̀n á tún gun orí rẹ̀. Owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni dọ́là kan yẹn lọ́wọ́ Sabina Tuohy, tó ń fọ aṣọ fún àwọn ayálégbé mi. Nígbà tó ní kí n bá òun kọ ìkéde tí òun máa fi wá Thady, àbúrò òun, mo ní ìlà mẹ́rin tó.

Thady ti bá ogun Àríwá òun Gúúsù Amẹ́ríkà lọ. Láti ìgbà ìjà Fredericksburg, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìyá wọn ní Clare, nílẹ̀ Ireland, ń kọ̀wé lóṣooṣù, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi í: ibo ni Thady wà? Sabina ò fèsì mọ́, torí kò mọ ohun tó máa sọ.

A kọ orúkọ, a kọ ìjọ Feakle, a kọ ọdún tó wọkọ̀ ojú omi. Sabina ní kí n fi kún un pé ọmọ Denis Onírun Pupa ni, torí àwọn Tuohy pọ̀ ní Feakle bí òkúta. Mo ní ìyẹn máa gbé wa dé ìlà karùn-ún.

Ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá Hanrahan, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sin yín, ẹ máa dìde jókòó nínú pósí ka iye ìṣó tí wọ́n kàn mọ́ ọn.”

Síbẹ̀, ó gbà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àlùfáà kan kọ̀wé láti ilé ìwòsàn ológun ní Washington pé Thady Tuohy, ará Feakle, wà níbẹ̀, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, kò sì dájú pé ó máa yè é. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Sabina kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé wọ́n ti rí i. Ó kó dọ́là méjìdínlógún tó ń tù jọ láti fi mú ìyá náà wá sí Amẹ́ríkà, ó wọkọ̀ ojú irin.

Irun ẹni tó bá lórí ibùsùn dúdú, kò pupa bíi ti Thady àti bàbá rẹ̀. Ọmọ Tuohy mìíràn ni. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì lọ, òun ò ní ẹnì kankan ní Amẹ́ríkà. Sabina dúró ọjọ́ márùn-ún, ó bá a kọ̀wé sí ìyá tirẹ̀, ó sì pa ojú rẹ̀ dé nígbà tó kú.

Kò bú mi nígbà tó dé. Lẹ́tà tó ti kọ sí Clare ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Ó ní, “Ìyá mi á ti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run báyìí. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ̀wé sọ fún un. Iye ìlà tó bá wù yín ni kí ẹ lò.”

Mo kọ ọ́. Ojú ewé méjì ló gbà.

Mo wá gbé dọ́là méjìdínlógún láti àpò ara mi sórí tábìlì tó fi ń lọ aṣọ. Ó ń lọ aṣọ yí i ká fún ọjọ́ mẹ́ta, kò fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kẹrin, mo kó o padà. Ó ṣì ń fọ aṣọ wa. Tí mo bá fi sẹ́ńtì kan lé owó rẹ̀, á dá a padà. A ò tíì gbọ́ nǹkan kan nípa Thady.