Àpótí Ẹja Tí Kò Gbọdọ̀ Pariwo

Ní àdúgbò wa ní Mushin, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i pé àwọn ọmọ ìta ti fa àdá yọ ló máa ń fi òkúta lu òpó iná iwájú ilé wa. Irin ni òpó náà. Bó bá ti dún, oníkálukú á ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìdí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n lù ú, èmi ò gbọ́. Àpótí dígí ńlá kan wà ní pálọ̀ mi nígbà náà, inú rẹ̀ ni mo ti ń sin ẹja. Omi ń gba páìpù já sínú àpótí kejì nísàlẹ̀, pọ́ǹpù á sì tún tì í padà sókè. Bó ṣe ń já bọ́, ó ń hó bí òjò lórí páànù. Mo fẹ́ràn ariwo yẹn. Mo máa ń sọ fún ìyàwó mi pé kì í jẹ́ kí n gbọ́ wàhálà ìta.

Ọkùnrin kan já wọlé, nítorí ilẹ̀kùn wa nìkan ló ṣí sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣá a lẹ́yìn, wọ́n ṣá a lọ́rùn. Ó di àpótí náà mú, àdá ba dígí, gbogbo rẹ̀ fọ́ yángá-yángá. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n."

Èyí tó sún mọ́ mi, tí mo lè bí lọ́mọ, rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ta ni ẹ̀gbọ́n ẹ?" Ó ṣá mi lápá. Mo rí egungun ara mi.

Ọkùnrin náà kú sáàárín àga wa, àwọn ẹja ń ta pọ́ún-pọ́ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Ìyàwó mi ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìwẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Aládùúgbò wa wá wò mí nílé ìwòsàn. "Ẹ̀gbọ́n, a lu òpó yẹn títí. Ṣé ẹ ò sí nílé ni?"

Ó lé ní ọdún kan kí n tó ra àpótí mìíràn, kékeré tí ọwọ́ kan lè gbé. Ìyàwó mi wò ó. "Dádì, tí èyí bá fi pariwo, èmi fúnra mi ni màá fọ́ ọ."

Afẹ́fẹ́ tó ń bá omi wọ inú páìpù ló ń hó. Mo fi táàpù sí páìpù náà, mo ń yí i pa díẹ̀díẹ̀ títí omi fi kún inú páìpù, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè mọ́. Mo ri ẹnu rẹ̀ sínú omi àpótí ìsàlẹ̀. Mo fi páìpù kejì tì í, bí àkọ́kọ́ bá dí, nítorí n kò fẹ́ tún rí omi nílẹ̀ pálọ̀ yẹn. Pọ́ǹpù ṣì ń gbọ̀n. Mo gé sílípáàsì tí mo rà ní Tẹ́júoṣó, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀. Ó dákẹ́.

Síbẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ní kí ìyàwó mi lọ lu òpó náà, kí n mọ̀ bóyá màá gbọ́.

"Kí gbogbo àdúgbò lè sá?"

"Fi kọ́kọ́rọ́ kàn án. Jẹ́jẹ́."

"Ẹ jókòó síbẹ̀ o. Ẹ má dìde."

Mo jókòó ti àpótí náà. Kọ́kọ́rọ́ dún lára irin lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete. Mo gbọ́ bí obìnrin aránṣọ òdìkejì ṣe fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wálẹ̀. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ti ìdábùú irin ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé, mo gbọ́ ìyá kan tó ń pe ọmọ rẹ̀ wọlé. Bó ṣe rí nìyẹn ní Sátidé ọjọ́sí, nígbà tí omi ń hó sí mi létí.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀. Mo mọ ẹsẹ̀ ẹni tó jẹ́. Síbẹ̀ mo dìde, mo ti ìdábùú òkè àti ti ìsàlẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

Ó kanlẹ̀kùn. "Dádì, èmi ni. Èmi ni mo lù ú, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Omi kò pariwo rárá. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí ní òdìkejì pákó, ọwọ́ mi wà lórí ìdábùú, kò tíì fà á.